Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Adúmáradán?

“Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù yẹn, màdáámù.”

N kò gbé e. Mo ń tẹ àṣẹ lọ́wọ́, omi gbogbo àdúgbò Òkè-Ọ̀rẹ́ ló sì wà lórí àṣẹ náà. Mo tẹ èyí tó kù, mo dúró títí pọ́ǹpù fi dáhùn pé òun ti jí, kí n tó yí àga mi padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó há báàgì sí abíyá. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kò tan iná àwọ̀ ewé bíi tiwa. Funfun ni tirẹ̀. Bí mo ṣe rí funfun yẹn ni mo ti mọ̀ pé Ìgbìmọ̀ Ẹnu Kan tó ń ṣọ́ àwa òṣìṣẹ́ ló rán an. Àwọn tó kù nínú yàrá omi ti rí i ṣáájú mi, nítorí kálukú ti tẹ orí mọ́ tábìlì rẹ̀, wọ́n ń bá Olùdáhùn, ẹ̀rọ tó ń dá wa lóhùn, sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ọmọ ilé kéú tó gbúròó ẹsẹ̀ aáfà. Èmi nìkan ni mo ṣì ń fi ìka ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìyókù, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é.

“Láníyọnu lorúkọ mi,” ó ní. “Ẹ̀yin ni Ìyáàfin Mosúnmọ́lá?”

“Èmi ni.”

“Kí lẹ tẹ̀ kí pọ́ǹpù yẹn tó dá yín lóhùn?”

“Mo tẹ àpò.”

“Àpò wo?”

Mo fi hàn án. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí ló wà níwájú mi, àpò sì jẹ́ àfikún kékeré kan tí mo fọwọ́ ara mi so mọ́ ọn. Bí mo bá tẹ “àpò” tí mo fi orúkọ nǹkan tẹ̀lé e, á ṣí ohun tí mo ti kọ nípa nǹkan náà sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá tẹ “àpò wá”, á tú gbogbo ohun tí mo kọ wò, á bá mi mú ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà jáde. “Àpò kọ” ń ṣí ojú ewé tuntun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lóhùn, kò lójú, kì í sì í bi mí ní àárọ̀ bóyá mo sùn dáadáa. Ohun tí iṣẹ́ ti fojú mi rí ló wà níbẹ̀: àṣẹ tó ṣiṣẹ́, àṣẹ tó fẹ́ pa mí, ìdí tí ó fi fẹ́ pa mí, àti bí mo ṣe jàjà bọ́.

Láníyọnu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kà á.

“Ta ló fún yín láṣẹ pé kí ẹ máa rántí nǹkan fúnra yín?”

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé ló dúró síwájú mi, tó ń bi mí ní irú èyí, kò sì rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ìrántí ti di ohun tí wọ́n ń gbàṣẹ kí wọ́n tó ṣe ni?”

“Èyí tó wà nínú orí yín, kò sẹ́ni tó bá yín jà lé e lórí. Èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ lòfin ń bá wí. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ mọ̀, kó bi Olùdáhùn. Ohun tó bá mọ̀, kó sọ fún Olùdáhùn. Ẹnì kan kì í gbẹ́ kànga tirẹ̀ nígbà tí omi ẹ̀rọ ti dé àgbàlá.”

“Bí omi ẹ̀rọ ọ̀hún kò bá wá yọ ńkọ́?”

“Ó máa ń yọ.”

Òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi!

Ó fa páálí dígí kan yọ nínú báàgì, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù mi. Ó ní kì í ṣe kànga nìkan lòun bá wá. Ẹ̀sùn tó wúwo ju ìyẹn lọ ló wà lọ́wọ́ òun. Lápá òsì páálí náà ni ọ̀rọ̀ inú àpò mi wà, lápá ọ̀tún ni ìdáhùn tí Olùdáhùn ń fún àwọn òṣìṣẹ́ omi kárí ìpínlẹ̀. Mo ka ti òsì:

*Bí Adúmáradán bá ń wúkọ́, má fi agbára tì í, yóò kàn bínú sí i ni. Kọ́kọ́ dá Eyínmẹ́nugún dúró, jẹ́ kó sinmi. Tú Akọ̀wé sílẹ̀. Ìgbà náà ni kí o wá fi ẹ̀sọ̀ bẹ Adúmáradán.*

Mo ka ti ọ̀tún. Ohun kan náà ni, láti orí dé ìdí. Wọn kò yọ Adúmáradán kúrò, wọn kò yọ “yóò kàn bínú sí i ni” kúrò.

“Ẹ ti ń da ọ̀rọ̀ Olùdáhùn kọ sínú àpò ara yín,” Láníyọnu wí. “Olè ni òfin ń pe ìyẹn.”

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ̀jẹ̀ mi hó débi pé etí mi ń pariwo. Èmi ni wọ́n jí nǹkan mi, èmi náà ni wọ́n tún wá mú gẹ́gẹ́ bí olè! Ẹni tó bá jẹ́ ìyàwó ilé á ti lóye ohun tí mo ń wí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n là á fún ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá ọkọ mi ló fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ omi yìí. Láti fi yẹ́ ẹ sí, wọ́n fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sọ pọ́ǹpù ńláńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dára, ó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti wà nílé kí n tó fẹsẹ̀ wọ ilé náà, ọkọ mi sì ni gbogbo wọn, àtọkùnrin àtobìnrin. Ẹnu wo ni n ó wá fi máa pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórúkọ ṣáṣá, tí n ó tún máa pàṣẹ fún un pé lágbájá, dúró, lágbájá, dìde? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè é, kò kàn wọ́n. Èmi kò lè pè é. Nínú àṣẹ, nọ́ńbà pọ́ǹpù ni mo ń tẹ̀. Nínú àpò mi, n kò lè máa kọ nọ́ńbà bí ẹni ń ka ẹlẹ́wọ̀n, nítorí náà orúkọ tí mo fún wọn nílé ni mo ń kọ. Èyí tí eyín rẹ̀ ṣe é lẹ́wà ni Eyínmẹ́nugún. Èyí tó fẹ́ràn ìwé ni Akọ̀wé. Èyí àgbà, tó dúdú tí ara rẹ̀ ń dán, òun ni Adúmáradán. Èwo wá ni nọ́ńbà èwo, inú orí mi ló wà, n kò kọ ọ́ síbì kankan. Kí ni n ó kọ ọ́ fún? Ta ló ń gbàgbé ọkọ rẹ̀?

“Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu,” mo ní, “ẹ bi Olùdáhùn yín ní ìbéèrè kan fún mi. Ẹ ní ta ni Adúmáradán.”

Kò fẹ́ bi í, ṣùgbọ́n òfin tirẹ̀ náà ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan dígí tó wà lórí tábìlì mi. Ohùn náà jáde, ohùn tó máa ń dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ọ̀sán.

“Ẹ ǹlẹ́ o, Láníyọnu. Adúmáradán jẹ́ pọ́ǹpù tí a kì í fi agbára tì.”

“Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

“Èyí tí a máa ń fi ẹ̀sọ̀ bẹ̀ lẹ́yìn tí Eyínmẹ́nugún bá ti sinmi.”

“Èwo ni Eyínmẹ́nugún?”

“Èyí tí a máa ń dá dúró kí a tó bẹ Adúmáradán. Ṣé mo ti ràn yín lọ́wọ́?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Ojú gbogbo wa ló ti ń ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìdáhùn yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ráhùn pé Olùdáhùn ń pòwe fún àwọn. Bí wọ́n bá ti méfò títí, tí omi kọ̀ tí kò sàn, èmi ni wọ́n máa ń rọra wá bá.

Láníyọnu ń fọwọ́ ra àgbọ̀n. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

“Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní Arẹwà,” ó ní. “Láti ọjọ́ tó ti dé ilé wa, kò pè mí ní orúkọ mi rí. Orúkọ ìyàwó ilé lèyí, àbí?”

“Òun ni.”

“Olùdáhùn kò fẹ́yàwó, kò sì níyàwó ilé tí yóò sọ ọ́ lórúkọ. Ibo ló ti wá rí i?”

Mo mọ ibi tó ti rí i. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti ka ọwọ́ ọ̀tún páálí yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbé àpò mi fún láyé.

Nígbà tí mo bímọ mi, ọ̀gá wa wá kí mi nínú yàrá. Ó gbé ọmọ lé itan, ó ń gbé e jó, ó ní, “Mosúnmọ́lá, fi àpò rẹ sílẹ̀ fún mi kí iṣẹ́ má bàa dúró. Bí o bá padà dé, wàá bá a bí o ṣe fi í sílẹ̀.” Ọ̀gá wa ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Òun gan-an ni Adúmáradán. Ta ni n ó tún gbà gbọ́ bí n kò bá gba ọkọ mi gbọ́? Mo tẹ “àpò pín” níbẹ̀ lórí ibùsùn, pẹ̀lú ọmú lẹ́nu ọmọ. Kí ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n jókòó, wọ́n ti fi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jẹ olórí gbogbo yàrá omi ìpínlẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó bọ́ Olùdáhùn ní ìmọ̀ tó ti tirẹ̀. A bá a yọ̀. Èmi gan-an ni mo lọ̀ ata tí a fi se ọbẹ̀ ọjọ́ náà. N kò béèrè irú ìmọ̀ wo ló fi bọ́ ọ.

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ṣí báyìí, ó jáde wá. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kí wọn nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń kí i níbi iṣẹ́.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ó bèèrè. Kò wojú mi.

Láníyọnu kí i, ó sì ṣàlàyé fún un. N ó sọ òtítọ́ nípa ọmọkùnrin náà, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ ahọ́n. Ó fi ibi méjì tí mo lè tẹ̀ nísàlẹ̀ páálí dígí náà hàn mí, “mo dà á kọ” àti “tèmi ni”, ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Bí mo bá gbà pé mo da ọ̀rọ̀ Olùdáhùn kọ, wọn yóò pa àpò mi rẹ́, ẹ̀gbà mi yóò sì máa tan àwọ̀ ewé lọ. Bí mo bá ní tèmi ni láìsí ẹlẹ́rìí, a jẹ́ pé mo fi ìmọ̀ pamọ́ fún Olùdáhùn. Wọn yóò pa àpò náà rẹ́ bákan náà, ẹ̀gbà mi yóò sì pupa. Ẹlẹ́gbà pupa kì í ṣiṣẹ́ ìjọba, kì í ṣiṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

“Ìkẹta ńkọ́?” mo bèèrè láti orí ìkúnlẹ̀ mi.

“Bí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yìí bá lè jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ fún ẹnì kan ní orúkọ yìí kí Olùdáhùn tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ni orísun. Òfin gba orísun láyè kó pa kànga rẹ̀ mọ́. N ó kọ ọ́, n ó sì máa lọ.” Ó yíjú sí ọ̀gá wa. “Màmá, wọ́n ní ìyàwó ilé yín ni Ìyáàfin Mosúnmọ́lá. Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní Adúmáradán?”

Àwọn tó ń díbọ́n pé àwọn ń bá Olùdáhùn sọ̀rọ̀ kò díbọ́n mọ́. Mo gbójú sókè wò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nínú agbo ilé wa, mo ti kí i pé, “Adúmáradán mi, ẹ káàárọ̀ o,” ó sì ti rẹ́rìn-ín, nítorí orúkọ náà máa ń dùn mọ́ ọn, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí Láníyọnu bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Kó kàn sọ pé, “Èmi ni.” Mo mọ̀ pé wọn yóò bi í bí ọ̀rọ̀ mi ṣe dé ẹnu Olùdáhùn lórúkọ tirẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n. Mo rí i bó ṣe ń fọwọ́ yí ẹ̀gbà rẹ̀ po lọ́rùn ọwọ́.

“Rárá,” ó ní. “Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí.”

Mo ti rí i kí ọkọ lu ìyàwó. Mo ti rí i kí ìyá ọkọ fi oúnjẹ du ìyàwó ọmọ rẹ̀. N kò tíì rí i kí èèyàn dúró lójú mọ̀lẹ́bí rẹ̀, kó sẹ́ orúkọ tí ó fẹ́ràn, torí kó lè máa jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju ìrọbí lọ, ìrọbí ní ọmọ nígbẹ̀yìn.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹnu sí etí mi. Òórùn ọṣẹ tí èmi fúnra mi rà fún un ń jáde lára rẹ̀.

“Tẹ ‘mo dà á kọ’, jọ̀ọ́,” ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Àpò lásán ni. Ẹ̀gbà rẹ ò ní pupa, wàá rí owó wàrà ọmọ. A ó yanjú ìyókù nílé. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, má jẹ́ kí ará ìta gbọ́.”

Nílé! Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ nílé. Wọn yóò pe gbogbo ẹbí jọ, wọn yóò ní ìyàwó kì í bá ọkọ ṣẹjọ́ kó jàre, wọn yóò ní kí n bẹ̀ ẹ́. N ó sì bẹ̀ ẹ́. Mo rò ó dáadáa, n kò ní parọ́. Mo ro ọmọ mi. Mo ro ọkọ mi, tí n ó sọ ọ́ di ẹni tó dúró láàárín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí n tẹ “mo dà á kọ”. Ìka mi fẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún ka ojú ewé yẹn lórí páálí, mo rí “yóò kàn bínú sí i ni”, mo sì rántí ọjọ́ tí mo kọ ọ́, bí omi ṣe rin mí gbìndìn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí mo ń sọkún tí mo tún ń rẹ́rìn-ín nítorí pé pọ́ǹpù ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ṣé èmi ni n ó wá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ẹnu ẹ̀rọ ni mo ti gbọ́ ọ? Ọmọ mi yóò dàgbà, yóò sì kà á pé olè ni ìyá òun?

Mo dìde lórí orúnkún mi. Mo gbọn eruku aṣọ mi. Mo wò ó lójú, obìnrin tí n kò wò lójú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ mí wọlé.

“Oyèfúnkẹ́,” mo ní.

Ẹnì kan kígbe pé “Yéè!” nídìí tábìlì kẹta. Ẹnu ọ̀gá mi là sílẹ̀.

“Oyèfúnkẹ́, ìwọ lo ní o ò mọ Adúmáradán. Ó dáa. Kò sí mọ́ láti òní lọ. Orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ ni n ó máa pè ọ́, nílé àti lóde.”

Mo tẹ àtàǹpàkò mọ́ “tèmi ni”.

Ẹ̀gbà mi pupa. Kò dùn mí lára, ó kàn gbóná díẹ̀. Láníyọnu kò wojú mi nígbà tó fi ẹ̀gbà funfun rẹ̀ kan kọ̀ǹpútà mi. Mo rí i bí àwọn ojú ewé náà ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ojú dúdú náà fi ṣófo. Ó di báàgì rẹ̀. Ó wá dúró, bí ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí lọ́kàn.

“Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó máa lọ. Ẹ kàn bá wa sọ fún Olùdáhùn èwo ni èwo nínú àwọn pọ́ǹpù yẹn. Àwọn èèyàn ń mu omi.”

“Wọn yóò mu ún,” mo ní. “Ẹnì kan wà nínú yàrá yìí tó mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Ẹ bi í.”

Ó yíjú sí ọ̀gá wa. Ó ń wò ó, pẹ̀lú páálí dígí tó ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn bo imú obìnrin náà. Lẹ́yìn mi, pọ́ǹpù kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Mo kó agolo oúnjẹ mi àti ìborùn mi, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn kò ṣí, nítorí ilẹ̀kùn kì í ṣí fún ẹ̀gbà pupa. Mo dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ìró bàtà kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mo sì mọ bàtà náà. Oyèfúnkẹ́ na ọwọ́ kọjá ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi ẹ̀gbà rẹ̀ kan ara ilẹ̀kùn, ó ṣí. Mo jáde. N kò kí i pé ó ṣeun.